Ta Ló Ń Pinnu? Àgbéyẹ̀wò Bí Ilé Ìtura àti Ilé Oúnjẹ Kékeré ní Ọ̀tà Ṣe Ń Gba Ohun Tuntun

Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kì í ṣe ìlú tí àlejò ń lọ torí etíkun tàbí òkè ńlá. Lóòótọ́, Ọ̀tà ti àwọn Àwórì ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti egúngún tí òkìkí wọn kàn, ṣùgbọ́n ohun tó sábà ń gbé èèyàn sùn síbẹ̀, iṣẹ́ ni, ẹ̀kọ́ ni, ẹ̀sìn ni, òwò sì ni. Ẹnjiníà tó wá tún ẹ̀rọ ṣe ní àgbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá nílò ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Oníṣòwò tó ń lọ sí ẹnubodè Ìdìrókò fẹ́ jẹun kó tó tẹ̀ síwájú. Òbí mú ọmọ wá sí Yunifásítì Covenant, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, tàbí sí Yunifásítì Bells. Tó bá sì di oṣù Kejìlá, ìpàdé Ṣílò ti ìjọ Living Faith á kó èrò wá sí Canaanland, ọgbà ìjọ náà, níbi tí gbọ̀ngàn Faith Tabernacle tó ní ìjókòó 50,000 ti wà láti oṣù Kẹsàn-án 1999.

Láti abẹ́ afárá Ṣàngó dé Tóògéètì, àti lójú ọ̀nà Ìdìrókò títí dé Àtàn, ilé ìtura oníyàrá mẹ́wàá sí ogún, búkà, ilé ọtí àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ ló tò lọ bẹẹrẹ. Lójú SMEDAN, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003 fún ọ̀rọ̀ okòwò kéékèèké, èyí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé mẹ́wàá ni okòwò bíńtín, èyí tó ní láti 10 dé 49 ni okòwò kékeré. Abẹ́ ìpele méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ lára wọn bọ́ sí.

Kí ló ń mú irú okòwò bẹ́ẹ̀ tẹ́wọ́ gba ohun tuntun? Kí ló ń mú òmíràn kọ̀ ọ́, tàbí kó gbà á lónìí kó sì pa á tì lọ́dún tó ń bọ̀? Ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ ti fi sílẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń ta kora. Kí àgbéyẹ̀wò yìí má bàa di àtòjọ orúkọ lásán, ohun mẹ́ta tó ti kan ilẹ̀kùn ilé ìtura àti búkà ní Ọ̀tà ni a ó fi dán ìdáhùn kọ̀ọ̀kan wò. Èkíní ni gbígba owó láti orí fóònù àti ẹ̀rọ POS. Èkejì ni iná sólà. Ẹ̀kẹta ni fífi yàrá sí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí àlejò lè gbà á sílẹ̀ kó tó dé. Èkíní tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tó fi ń fà. Èkejì ń rìn díẹ̀díẹ̀, owó rẹ̀ ń ga. Ẹ̀kẹta dé pẹ̀lú ariwo, ọ̀pọ̀ ló gbà á, ọ̀pọ̀ ló sì tún fi í sílẹ̀. Ìdáhùn tó bá lè sọ ìdí tí ìrìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi yàtọ̀ síra ni ìdáhùn tó wúlò fún Ọ̀tà.

Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ wà lára ohun tuntun náà

Àwọn tó kọ́kọ́ fìdí ìbéèrè yìí múlẹ̀ kò tilẹ̀ ronú nípa ilé ìtura. Àgbẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ní 1943, Bryce Ryan àti Neal Gross gbé ìwádìí jáde nípa bí àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà ṣe gba irúgbìn àgbàdo tuntun. Everett Rogers, tí òun náà jẹ́ ọmọ Iowa, fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1962. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìwà ohun tuntun náà ló ń sọ bí yóò ṣe yára tó. Ṣé ó sàn ju ti àtijọ́ lọ? Ṣé ó bá ìṣe ẹni tó fẹ́ lò ó mu? Ṣé kò le jù láti lóye? Ṣé èèyàn lè tọ́ ọ wò díẹ̀ kó tó ra odindi? Ṣé àwọn ẹlòmíràn lè fojú rí èrè rẹ̀?

Bí a bá fi ìbéèrè márùn-ún yìí wọn POS àti sólà, òṣùwọ̀n Rogers ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó ní búkà lè gba ẹ̀rọ POS lónìí láìná owó púpọ̀, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè dá a padà. Aládùúgbò sì ń gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dún bí owó bá wọlé. Sólà kò rí bẹ́ẹ̀. Pátákó, bátìrì àti inverter tó lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù yàrá mẹ́wàá, owó ńlá ni, èèyàn kò sì lè fi yàrá kan ṣoṣo tọ́ ọ wò kó mọ bí gbogbo ilé yóò ṣe rí. Èrè rẹ̀ náà kò hàn sí aládùúgbò: ó wà nínú epo tí wọn kò rà.

Ibi tí òṣùwọ̀n yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀rọ̀ àkókò. Láti 2011 ni ètò fífi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ láti báńkì kan sí òmíràn ti wà ní Nàìjíríà. Ó yá, ó rọrùn, ó sì ṣeé tọ́ wò nígbà náà. Síbẹ̀, ọdún mẹ́wàá ó lé kọjá kí olóúnjẹ tó gbé páálí tó kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe ìwà ohun náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Àléébù kejì wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń bá Rogers jiyàn ti tọ́ka sí tipẹ́: ìlà èrò yìí fẹ́ràn ohun tuntun jù. Ó máa ń pe ẹni tó bá gbà á lẹ́yìn ní alọ́ra, bẹ́ẹ̀ ẹni náà lè ti ṣírò kó sì rí i pé àdánù ni.

Àwọn tó ní ọkàn olówó ni kí a wò

Ní 1989, Fred Davis gbé èrò kan jáde tó kúrú tó sì lágbára: èèyàn á lo ẹ̀rọ bó bá gbà pé yóò wúlò fún òun, àti pé kò ní yọ òun lẹ́nu láti lò. Nítorí pé èrò yìí rọrùn láti fi ìbéèrè wọn, àìmọye ìwádìí nípa ilé ìtura káàkiri àgbáyé ló dúró lé e lórí.

Agbára rẹ̀ ni pé ó mú ojú padà sí ènìyàn. Àṣìṣe rẹ̀ ní irú ibi bí Ọ̀tà ni pé ó gbà pé ẹni tó ń pinnu àti ẹni tó ń lò ó jẹ́ ẹnì kan náà. Nínú ọ́fíìsì, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nínú ilé ìtura kékeré, olówó lè máa gbé ní Ìkẹjà tàbí ní òkè òkun, kí mánéjà máa darí ilé, kí ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó níbi ìgbàlejò sì jẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìwúlò POS lójú olówó ni pé owó ń bọ́ tààrà sínú àkáǹtì, kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Lójú òṣìṣẹ́, ẹ̀rọ kan náà jẹ́ wàhálà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àlejò tó ń bínú pé báńkì ti yọ owó òun, àti ẹ̀bi tí yóò já lé e lórí bí alert bá jẹ́ ayédèrú. Ohun tí ẹnì kan ń pè ní ìrọ̀rùn, ìṣọ́ ni fún ẹnì kejì. Ìdáhùn tí olùwádìí bá gbà lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn kò lè dúró fún ilé náà.

Àwọn kan tó tún jinlẹ̀ sí ọkàn olówó ni Irena Ateljevic àti Stephen Doorne, tí wọ́n kọ̀wé ní 2000 nípa àwọn olókòwò ìrìn-àjò afẹ́ ní New Zealand tí kò fẹ́ kí okòwò wọn tóbi rárá. Ìgbé ayé tó wù wọ́n ni wọ́n ń wá. Ẹ̀kọ́ yẹn kan Ọ̀tà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìtura lẹ́bàá ọ̀nà Ìdìrókò jẹ́ ilé tí ẹnì kan fi owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó òwò kọ́, kó lè rí nǹkan máa jẹ lọ́jọ́ alẹ́, kó sì fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ. Ilẹ̀ àti ilé ni ohun ìní tó wà lọ́kàn rẹ̀, yàrá tí wọ́n ń gbà jẹ́ àjẹmọ́nú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ná owó sórí ilé ìpele kejì kó tó ná an sórí ètò ìgbàsílẹ̀ yàrá, kò sì túmọ̀ sí pé kò gbọ́n. Ohun tí ìlà èrò yìí kò lè ṣe fún wa ni láti sọ ìdí tí gbogbo wọn, afẹ́ńlá àti aláìfẹ́ńlá, fi gba POS láàárín oṣù mélòó kan.

Àwọn tó ní kí a wo ilé, irinṣẹ́ àti àyíká pọ̀

Louis Tornatzky àti Mitchell Fleischer fi ìdí òmíràn múlẹ̀ ní 1990. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ọkàn ẹnì kan. Irinṣẹ́ tó wà lóde, bí okòwò náà ṣe rí nínú, àti ayé tó yí i ká ló jọ ń pinnu. Lọ́dún kan náà, Wesley Cohen àti Daniel Levinthal fi kún un pé okòwò kì í lè lo ìmọ̀ tuntun tí kò bá ti ní ìmọ̀ kan nílẹ̀ tó jọ ọ́.

Iná mànàmáná ni àyíká tó lágbára jù ní Ṣàngó àti Ọ̀tà, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè sọ̀rọ̀ ilé ìtura níbẹ̀ láìdúró lórí rẹ̀. Láti 2020 ni wọ́n ti pín àwọn oníbàárà iná ní Nàìjíríà sí ẹgbẹ́ láti A dé E: Band A yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, Band E fún wákàtí 4. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin 2024, owó Band A fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún kílówáàtì kan fún wákàtí kan. Ọdún tó ṣáájú ni ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà bẹntiróòlù sì kúrò ní ohun tí kò tó ₦200 lọ sí nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo.

Ilé ìtura oníyàrá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè sọ fún àlejò pé kó sùn láìsí amúlétutù. Tó bá wà lórí Band A, owó iná ń jẹ ẹ́. Tí kò bá sí lórí rẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ ẹ́. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti di gbèsè ni sólà ti di ohun tí wọ́n ń ṣírò lọ́kàn. Ìlà èrò tó ń wo àyíká ló sọ èyí yékéyéké ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ó tún sọ ìdí tí ilé ìtura méjì tó kọjú síra fi lè ṣe ìpinnu tó yàtọ̀ láìsí pé ẹnì kan gọ̀: wáyà tó ń fún ọ̀kan níná lè má jẹ́ wáyà tó ń fún èkejì.

Ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ náà ka. Ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ ni ọ̀pọ̀ pátákó àti bátìrì ti ń wá, ẹni tó wá fi í síbẹ̀ sì ni olùkọ́ kan ṣoṣo tí onílé ní. Bí oníṣẹ́ náà bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, sólà á dúró. Bó bá fi bátìrì tí kò tó gbé ẹrù tó pọ̀ jù, ilé náà á padà sí jẹnẹrétọ̀, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a lè fi ta ko ìlà èrò yìí ni pé kò sí ohun tí kò lè gbà wọlé. Owó, òfin, ìmọ̀, iná, ọjọ́ orí olówó, gbogbo wọn ló ní àyè nínú àpótí mẹ́ta náà. Ó ń tò wọ́n jọ dáadáa, àmọ́ kì í sábà sọ èyí tó ń ti èkejì. Ìwádìí méjì lè lo àpótí kan náà, kí wọ́n sì jáde pẹ̀lú ìdí tó yàtọ̀ pátápátá.

Agbára òfin àti ojú aládùúgbò

Paul DiMaggio àti Walter Powell kọ ọ́ ní 1983 pé àwọn iléeṣẹ́ máa ń jọra wọn nítorí agbára mẹ́ta: àṣẹ láti òkè, àwòkọ́ṣe bí ọkàn kò bá balẹ̀, àti ìlànà tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan gbà láàárín ara wọn. Lójú wọn, ìbéèrè nípa èrè lè wá lẹ́yìn.

Ìtàn owó ní Ìpínlẹ̀ Ògùn dà bíi pé wọ́n kọ ọ́ fún ìlà èrò yìí. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ láti dín owó bébà kù bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, ó sì dé Ògùn ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2013, pẹ̀lú Abia, Anambra, Kánò, Rivers àti Àbújá. Ó gùn tó ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn tí owó bébà ṣì ń jọba ní búkà. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn yóò yí ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà. Nígbà tí oṣù Kejì 2023 fi dé, owó bébà ti wọ́n bí ojú. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ló dá sí i ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta 2023, tó ní kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ títí di òpin ọdún náà. Láàárín nǹkan bí oṣù méjì tí ọ̀wọ́n náà fi wà, olóúnjẹ tí kò ní àkáǹtì tó lè gba tránsífà kò lè ta oúnjẹ. Ohun tí ìlànà ọdún mẹ́sàn-án kò lè ṣe, ọ̀wọ́n owó oṣù méjì ṣe é. Nígbà tí owó bébà sì padà, ẹ̀rọ POS kò padà lọ sílé.

Èyí mú ká bi ara wa léèrè irú àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́. Ìlànà 2013 jẹ́ àṣẹ tí èèyàn lè yẹra fún. Ti 2023 kò ṣeé yẹra fún, nítorí pé ẹni tó ń ti olóúnjẹ kì í ṣe ìjọba mọ́, oníbàárà tí ebi ń pa ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìdìrókò: ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ní oṣù Kẹjọ 2019, wọn kò sì kéde ṣíṣí ti Ìdìrókò títí di oṣù Kẹrin 2022. Àárín rẹ̀ ni àrùn Kòrónà dé, tí ìséléémọ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Ògùn ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin 2020. Ilé ìtura tó ń gbójú lé oníṣòwò ẹnubodè ní láti wá irú àlejò mìíràn. Àwọn kan sọ yàrá di ibùgbé olóṣù, àwọn mìíràn sọ àgbàlá di ibi ayẹyẹ. Àrà tuntun nìyẹn náà, bí kò tilẹ̀ ní wáyà.

Àṣẹ lórí ilé ìtura gan-an kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ìjọba àpapọ̀ àti Ìpínlẹ̀ Èkó pé ìpínlẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ láti forúkọ ilé ìtura sílẹ̀ kó sì pín wọn sí ìpele. Ìdájọ́ náà kan Ògùn gẹ́gẹ́ bó ṣe kan Èkó. Bí ìpínlẹ̀ bá lo agbára yìí dáadáa, ìràwọ̀ tí wọ́n fún ilé ìtura lè di ohun tó ń ti olówó láti tún ilé ṣe. Bí ó bá di ọ̀nà àtigba owó nìkan, kò ní ti ẹnikẹ́ni síbì kan.

Ní ti àwòkọ́ṣe, ẹ̀rí rẹ̀ wà lójú títì: gbọ̀ngàn kan gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá sára ògiri, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà gbé e. Ti ìlànà iṣẹ́ kò hàn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lágbára. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi òṣìṣẹ́ wọ̀ sí ilé ìtura kì í fẹ́ san owó láìsí ìwé tó mọ́, tó ní orúkọ, ọjọ́ àti iye. Ọ̀pọ̀ ilé ìtura tó fi kọ̀ǹpútà ṣe rìsíìtì, àlejò ilé iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Àléébù ìlà èrò yìí hàn níbi sólà. Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni rà á, èèyàn kì í sì í náwó bẹ́ẹ̀ torí pé ẹlòmíràn ná an. Ó tún ṣòro láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó wo aládùúgbò kọ́ṣe àti ẹni tí ìṣòro kan náà bá lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn tó ní dídúró náà jẹ́ ìpinnu

Avinash Dixit àti Robert Pindyck kọ́ni nínú ìwé wọn ti 1994 pé nígbà tí ọ̀la kò dájú, tí owó tí èèyàn bá ná kò sì ṣeé gbà padà, sùúrù ní iye lórí. Ẹni tó dúró kò kọ ohun tuntun. Ó ń pa àǹfààní yíyàn mọ́.

Ó yẹ kí àwọn tó ń pe àwọn onílé ìtura ní abẹ̀rù ka èyí dáadáa. Ní oṣù Kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ fún ọjà láti sọ iye rẹ̀, ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun wá sì gbé owó lórí, pátákó sólà àti bátìrì kò gbẹ́yìn. Ní oṣù Kọkànlá 2024, èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi ń darí ọjà owó dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ olókòwò kékeré sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ irú èlé yẹn, àjọ, èésú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ọ̀pọ̀ ń gbójú lé, bẹ́ẹ̀ owó àjọ ní ọjọ́ tó ń bọ́ síni lọ́wọ́. Èyí ló fà á tí sólà fi ń wọ ilé ìtura ní ẹyọ-ẹyọ: inverter àti bátìrì lákọ̀ọ́kọ́ fún ibi ìgbàlejò àti gílóòbù, pátákó lẹ́yìn náà, amúlétutù kẹ́yìn. Lójú òṣùwọ̀n Rogers, sólà kò ṣeé tọ́ wò. Àwọn onílé ti gé e wẹ́wẹ́ kó lè ṣeé tọ́ wò.

Ṣùgbọ́n dídúró náà lè ná èèyàn lówó. Ẹni tó ní kí náírà kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 rí i pé ohun tó fẹ́ rà ti di ìlọ́po lọ́wọ́ ìparí ọdún náà. Ìṣirò tó ní kí èèyàn dúró nítorí ọ̀la kò dájú kò rọrùn láti lò níbi tí ọ̀la ti dájú pé nǹkan yóò wọ́n sí i. Ìlà èrò yìí kò sì ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa ohun tí kò ná èèyàn lówó láti bẹ̀rẹ̀, irú bíi fífi yàrá sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tó ní olókòwò ń tú u, ó ń tò ó

Ìlà èrò tó kẹ́yìn yìí ló yí ìbéèrè náà po. Ted Baker àti Reed Nelson wo àwọn okòwò kéékèèké tí kò ní nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì kọ ọ́ ní 2005 pé irú wọn kì í gba ohun tuntun bí wọ́n ṣe gbé e wá. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n ń lò ó fún iṣẹ́ tí wọn kò ṣe é fún. Ọdún mẹ́rin ṣáájú wọn, Saras Sarasvathy ti sọ ohun tó súnmọ́ ọn: ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni ni olókòwò fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló sì ń bí èrò ibi tó ń lọ.

Ìtàn ìgbàsílẹ̀ yàrá ni ẹ̀rí rẹ̀ tó dára jù. Hotels.ng tí Mark Essien dá sílẹ̀ àti Jovago tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013 rán òṣìṣẹ́ káàkiri láti ya fọ́tò yàrá kí wọ́n sì forúkọ ilé ìtura sílẹ̀. Jovago di Jumia Travel ní 2016. Ní oṣù Kejìlá 2019, Jumia gbé iṣẹ́ náà fún Travelstart. Bí èèyàn bá ka èyí pẹ̀lú òṣùwọ̀n Rogers, yóò ní ilé ìtura kékeré kọ ohun tuntun. Ẹ jẹ́ ká tún un wò. Ọ̀nà tí àlejò ń gbà dé ilé ìtura ní Ọ̀tà báyìí ni pé ó wá a lórí Google Maps, ó wo fọ́tò, ó pe nọ́ńbà tó rí níbẹ̀, ó dúnàá dúrà, wọ́n fi fọ́tò yàrá àti nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó fi owó ránṣẹ́, yàrá di tirẹ̀. Gbogbo ohun tí ìkànnì ìgbàsílẹ̀ ń ṣe ló wà níbẹ̀, àyàfi alágbàtà tó ń gba owó láàárín. Nílé iṣẹ́ bíi Booking.com, owó náà sábà máa ń wà ní àyíká ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó yàrá, bẹ́ẹ̀ iye orí ìkànnì kò sì fàyè gba ìnáájà tó mọ́ àlejò àti onílé lára. Wọ́n tú àrà náà palẹ̀, wọ́n mú ẹ̀yà tó wúlò, wọ́n fi ohun mẹ́ta tó wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn tún un tò.

Ohun tó jọ ọ́ wà ní òdìkejì ẹnubodè. Ní Ìgólò ní Orílẹ̀-èdè Benin, owó orí fóònù, MoMo, ni oníṣòwò máa ń fi gba owó. Ní Ìdìrókò, àkáǹtì báńkì àti POS ni. Àìní kan náà, àwọn èèyàn tó sún mọ́ra tímọ́tímọ́, ohun èlò tó yàtọ̀, nítorí pé òfin Nàìjíríà fi báńkì síwájú fún ọdún púpọ̀, tí iléeṣẹ́ fóònù MTN kò sì rí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ báńkì MoMo tirẹ̀ níbí títí di 2022.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹwà ọgbọ́n yìí fọ́ wa lójú. Ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lórí WhatsApp kan ṣoṣo lè parun lọ́jọ́ tí fóònù bá sọnù. Ní ọ̀sẹ̀ Ṣílò, èèyàn méjì lè san owó fún yàrá kan náà. Pẹ̀lú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, ilé ìtura kò ní àkọsílẹ̀ tí báńkì lè wò kó tó yá a lówó, nítorí náà ó lè di ohun tó so ó mọ́ kékeré. Àwọn tó ń gbé ìlà èrò yìí lárugẹ máa ń tètè yin àìní, wọn kì í sábà wọn iye tó ń náni.

Ohun tí kò tíì yanjú

Nínú ohun mẹ́ta tí a fi dán wọn wò, ìlà èrò nípa agbára òfin àti ìtàn àkókò ló ṣàlàyé POS jù, àyíká àti ìṣirò sùúrù ló ṣàlàyé sólà, títú-àti-títò ló sì ṣàlàyé ìgbàsílẹ̀ yàrá. Ohun tó jọ pé ó wà lábẹ́ gbogbo wọn ni ìbéèrè tí kò sí èyí tó bi í tààrà nínú wọn: ta ni yóò ru àdánù bí ohun tuntun bá kùnà? POS kùnà, ẹni tó fi í síta gbé e lọ. WhatsApp kò náni ní nǹkankan. Sólà kùnà, onílé nìkan ló jẹ gbèsè.

Bí ìyẹn bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ọ̀pọ̀ nǹkan kù. Èkíní ni ọ̀rọ̀ ìpátì. Púpọ̀ nínú ìwádìí parí sí ọjọ́ tí olówó gba ohun tuntun, díẹ̀ ló padà lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta láti wo bóyá inverter ṣì ń ṣiṣẹ́. Èkejì burú ju ìyẹn lọ: ilé ìtura tó ti kógbá wọlé kì í dáhùn ìbéèrè. Àwọn tí ìtìpa Ìdìrókò àti Kòrónà lé kúrò nídìí òwò láàárín 2019 àti 2022 kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ wọn ni ìbá sọ fún wa bóyá gbígba ohun tuntun ló ń gba ilé là, tàbí bóyá ilé tí yóò là tẹ́lẹ̀ ló ń rí owó gbà á.

Ẹ̀kẹta kan ipò àwọn obìnrin tó ni búkà. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń tọ́jú owó, ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń dá àjọ, ẹni tí wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu nínú ìdílé, gbogbo wọn lè yí ìdáhùn padà, àmọ́ ilé ìtura ni ìwádìí púpọ̀ ń wò. Ẹ̀kẹrin ni ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà 2021, tó sì ní ibùdókọ̀ ní Agbádò tí kò jìnnà sí Ṣàngó. Ṣé yóò mú irú àlejò mìíràn wá, tàbí yóò máa gbé wọn kọjá lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn?

Ní ti sólà, kò tíì sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà bóyá owó Band A ti 2024 ló ń ti onílé, tàbí epo 2023, tàbí àwọn ilé tó ti kọ́kọ́ fi í síbẹ̀ ládùúgbò. Láti mọ̀ ọ́n, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ láti Ṣàngó dé Àtàn, kó kọ ọjọ́ tí pátákó kọ̀ọ̀kan gun òrùlé sílẹ̀, kó kọ irú wáyà tó ń gbé iná dé ilé náà, kó sì padà lọ wò ó lẹ́yìn ọdún mélòó kan.